Òfin, Ojú Ayé àti Ìlẹ̀kùn Ilé Ìwòsàn

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí kì í ṣe ti ibà, kì í ṣe ti ìgbẹ́ gbuuru, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a máa ń sọ lójú ìwé yìí. Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Ọmọ náà sọ fún un pé àwọn kan wà lára àwọn tí òun ń tọ́jú tí a bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, àwọn mìíràn sì wà tí a bí ní obìnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí ọkùnrin. Ó ní ẹlòmíràn nínú wọn ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fojú kan dókítà tí ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ìyá yìí wá bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: Irú ìtọ́jú wo ni wọ́n ń dúró dè? Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí wọ́n rí i gbà tàbí kí wọ́n má rí i gbà? Kí ni ìyẹn sì kan ọ̀rọ̀ ìlera?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa ń fi ẹ̀rín tàbí èébú dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí. A kò kọ́ mi ní ẹ̀rín tàbí èébú ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ohun tí a kọ́ mi ni pé kí n bi aláìsàn léèrè, kí n wo ara rẹ̀, kí n sì kọ òtítọ́ sínú káàdì rẹ̀. Báyìí ni n óò ṣe sọ ọ́.

TA NI À Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀?

Nígbà tí a bá bí ọmọ, agbẹ̀bí á wo ojú ara rẹ̀, á sì wí pé, "Ọkùnrin ni," tàbí, "Obìnrin ni." Ohun tí ó bá wí ni a ó kọ sínú ìwé ìbí. Fún èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wa, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ohun tí wọ́n mọ ara wọn sí nínú ọkàn kò bá ohun tí agbẹ̀bí wí mu, tí èyí kò sì kúrò lọ́kàn wọn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Transgender ni àwọn Òyìnbó ń pè wọ́n.

Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti ọmọ tí a bí tí ojú ara rẹ̀ kò hàn kedere bóyá akọ ni tàbí abo. Láti inú oyún ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ènìyàn fẹ́ràn. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ènìyàn mọ ara rẹ̀ sí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àkójọ àrùn tuntun, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Nínú ìwé yìí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò láàárín àwọn àrùn ọpọlọ, wọ́n sì gbé e sí abẹ́ orí tí ó ń sọ nípa ìlera ìbálòpọ̀. Wọn kò yọ ọ́ kúrò pátápátá, nítorí pé àwọn kan ń fẹ́ ìtọ́jú, ìtọ́jú tí kò bá sì ní orúkọ nínú ìwé yẹn, ó ṣòro kí ìjọba tó sanwó rẹ̀.

ẸNU Ọ̀NÀ MẸ́RIN

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìyípadà yìí jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí a ń ṣe lọ́jọ́ kan lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní oníbodè tirẹ̀.

Èkínní ni orúkọ, aṣọ, irun àti bí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kò sí oògùn nínú èyí. Oníbodè rẹ̀ ni ìyá àti bàbá, onílé, ọ̀gá níbi iṣẹ́ àti ará àdúgbò. Níhìn-ín, èdè tiwa yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. "Ó" ni à ń pe ọkùnrin, "ó" náà ni à ń pe obìnrin. Ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn pẹ́ kí ó tó yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwa náà ní bàbá àti ìyá, a ní fìlà àti gèlè, nítorí náà ibodè wà níhà ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú.

Èkejì ni họ́mónù. Họ́mónù ni oje tí àwọn ẹ̀yà ara kan ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi rán ara níṣẹ́. Èyí tí ó pọ̀ lára ọkùnrin ni testosterone, òun ni ó ń hu irùngbọ̀n tí ó sì ń sọ ohùn di ńlá. Èyí tí ó pọ̀ lára obìnrin ni oestrogen, òun ni ó ń mú ọyàn yọ. Ẹni tí ó bá ń yí padà lè gba ọ̀kan nínú méjèèjì bí hóró oògùn, bí abẹ́rẹ́, bí ìpara tàbí bí ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ara. Oníbodè rẹ̀ ni dókítà àti òfin tí ó de oògùn títà.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ, yálà ti àyà tàbí ti ojú ara. Oníbodè rẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ, owó, àti òfin ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìwé: ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, ìwé ìgbéyàwó. Oníbodè rẹ̀ ni ìjọba àti kóòtù.

Ẹlòmíràn ń fẹ́ ẹyọ kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹlòmíràn ń fẹ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin ti so wọ́n pọ̀ bí ìdì igi. Ẹni tí ó wá ra igi kan ni a ó ní kí ó ru gbogbo ìdì lọ sílé. Bí òfin ṣe so ìdì náà ni ó ń sọ irú ìtọ́jú tí ènìyàn yóò gbà, àní nígbà tí ara rẹ̀ kò béèrè fún un.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Mo yan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ìyá tí ó kọ̀wé wà, àti nítorí pé ìtàn ibẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ gbangba.

Michael Dillon ni a bí ní obìnrin ní ọdún 1915. Ní nǹkan bí ọdún 1939 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo testosterone. Ní ọdún 1944 ó rí ìwé ìbí rẹ̀ tún ṣe. Láàárín ọdún 1946 sí 1949, Harold Gillies, oníṣẹ́ abẹ tí ó di olókìkí nípa títún ojú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ṣe, ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Gillies kọ sínú ìwé: ó kọ ọ́ pé àbùkù ojú ara tí a ń bí mọ́ ọmọkùnrin mìíràn ni òun ń tún ṣe. Kí ló dé? Nítorí pé nígbà náà àwọn oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gé ẹ̀yà ara tí kò ní àrùn, òfin lè mú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Ìbẹ̀rù òfin ni ó gbé irọ́ wọ inú káàdì aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ wa á mọ̀ bí èyí ti léwu tó, nítorí káàdì ni dókítà tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kà.

Dillon kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó di dókítà inú ọkọ̀ ojú omi. Ìwé méjì ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ìdílé àwọn ọlọ́lá sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A tún orúkọ rẹ̀ ṣe nínú ọ̀kan, a kò tún un ṣe nínú èkejì. Ní ọdún 1958 àwọn oníròhìn fi méjèèjì wé ara wọn, àṣírí tú, ó sì sá lọ sí Índíà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1962.

Ẹnìkejì ni April Ashley. Ìlú Liverpool ni a bí i sí ní ọdún 1935, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkùnrin. Ní ọdún 1960 ó lọ sí Casablanca ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí dókítà ará Faransé kan, Georges Burou, ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ wo ọ̀nà jíjìn yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Yúróòpù ni ó tọ ibẹ̀ lọ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nítorí ohun tí wọn kò lè rí gbà nílé, wọ́n lè fi owó rà á lókèèrè. Ẹni tí kò lówó jókòó sílé. Lẹ́yìn tí ó padà dé, ìwé ìròhìn kan tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún 1961, iṣẹ́ gbígbé aṣọ wọ̀ fún fọ́tò tí ó ń ṣe sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó fẹ́ Arthur Corbett ní ọdún 1963. Ìgbéyàwó náà kò dán mọ́rán, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní ọdún 1970, Adájọ́ Ormrod, tí òun fúnra rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, dá ẹjọ́ pé ohun tí ènìyàn jẹ́ nígbà tí a bí i ni yóò jẹ́ níwájú òfin ìgbéyàwó, iṣẹ́ abẹ kò sì lè yí i padà. Ó ní ìgbéyàwó náà kò sí rárá. Ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó di òṣùwọ̀n tí a fi wọn gbogbo ènìyàn fún ọdún tí ó lé ní 30. Ẹni tí ó ti ń gbé bí obìnrin fún ogún ọdún ṣì ń mú ìwé ọkùnrin kiri. Bí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́, bí ó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì, àṣírí rẹ̀ á tú lójú akọ̀wé.

Ní ọdún 2002, Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá ẹjọ́ obìnrin kan tí a ń pè ní Goodwin, ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nítorí ìdájọ́ yìí ni ìjọba fi ṣe òfin tuntun ní ọdún 2004. Òfin náà ní kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, tí dókítà ti jẹ́rìí sí i, tí ó sì ti gbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, lè tọ ìgbìmọ̀ kan lọ fún ìwé ẹ̀rí. Kò sọ pé ó di dandan kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ní ọkọ tàbí aya ní láti tú ìgbéyàwó náà ká kí ó tó lè gba ìwé kíkún. Ẹ wo ìdì igi tí mo sọ. April Ashley gba ìwé ìbí tuntun ní ọdún 2005, nígbà tí ó ti di ẹni 70 ọdún. Ó kú ní ọdún 2021.

ÌLẸ̀KÙN ṢÍ, ṢÙGBỌ́N ÌLÀ GÙN

Ti ìwé nìyẹn. Ti oògùn ńkọ́? Ní ọdún 1966 ni a dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní ọsibítù Charing Cross ní London fún irú àwọn aláìsàn yìí. Síbẹ̀, ní àwọn àgbègbè kan, àwọn tí ń ṣàkóso owó ìlera kọ̀ láti sanwó. Àwọn mẹ́ta kan pe àwọn aláṣẹ ìlera ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Lancashire lẹ́jọ́. Ní ọdún 1999, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé kò bófin mu kí aláṣẹ gbà pé àìsàn ni, kí ó sì tún pa á láṣẹ pé a kò ní tọ́jú ẹnikẹ́ni tí ó ní i. Láti ìgbà náà, òfin wà lẹ́yìn ẹni tí ń béèrè.

Àmọ́ òfin kò lè bí dókítà. Ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìlérí pé kí aláìsàn má dúró ju ọ̀sẹ̀ 18 lọ kí ìtọ́jú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ilé ìtọ́jú yìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́, ọdún ni. Àwọn ilé ìtọ́jú kéré, àwọn dókítà tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà kò pọ̀, ìjà inú ìwé ìròhìn àti ti olóṣèlú sì ń mú kí àwọn mìíràn máa sá fún un. Ojú ayé lè ti ìlẹ̀kùn tí òfin ti ṣí.

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀, àríyànjiyàn ibẹ̀ sì le jù. Lẹ́yìn ìwádìí tí Dókítà Hilary Cass parí ní ọdún 2024, tí ó sọ pé ẹ̀rí tí ó wà nípa oògùn tí ń dá ìbàlágà dúró kò lágbára tó, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de fífún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ní oògùn náà fún ìdí yìí, àfi nínú ìwádìí ìṣègùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Kóòtù tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ náà tún dá a lẹ́jọ́ pé nínú òfin ìdọ́gba ti ọdún 2010, ohun tí a bí ènìyàn sí ni ọ̀rọ̀ náà "obìnrin" túmọ̀ sí. Ó sọ pẹ̀lú pé òfin kan náà ṣì dáàbò bo àwọn transgender kúrò lọ́wọ́ ìyànjẹ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dúró sójú kan.

OWÓ IBODÈ NÍ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin tí ó gba ènìyàn láàyè láti yí ìwé rẹ̀ padà, ní ọdún 1972. Ṣùgbọ́n owó ibodè rẹ̀ wúwo: ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé náà gbọ́dọ̀ di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ọmọ jẹ́ nínú ilé Yorùbá, ẹ rò ó wò: kí a tó kọ orúkọ rẹ tuntun sílẹ̀, kí o kọ́kọ́ gbé ọmọ tí ì bá bí lé ìjọba lọ́wọ́. Àwọn mìíràn tí kò ní èrò iṣẹ́ abẹ lọ́kàn ṣe é nítorí ìwé. Ọdún 2013 ni òfin yìí kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2018 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí i pé kí a san 225,000 kronor fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ọdún 2017, Kóòtù Yúróòpù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà dá ilẹ̀ Faransé lẹ́bi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ Iran, olórí ẹ̀sìn wọn, Ayatollah Khomeini, fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, lẹ́yìn tí Maryam Khatoon Molkara ti lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Títí di òní, a lè ṣe é níbẹ̀, a sì lè yí ìwé padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ kan náà, bí ọkùnrin bá bá ọkùnrin lò pọ̀, òfin lè pa á. Nítorí èyí, àwọn kan tí kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ rárá ni ẹbí àti dókítà ń tì síbẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ìlẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìlẹ̀kùn tí a fi ipá ti ènìyàn gbà wọlé.

Argentina tú ìdì igi náà ká ní ọdún 2012. Òfin wọn ní àgbàlagbà lè yí ìwé rẹ̀ padà láìsí pé adájọ́ tàbí dókítà jẹ́rìí sí i, àti pé họ́mónù àti iṣẹ́ abẹ wà lára ìtọ́jú tí ètò ìlera gbọ́dọ̀ sanwó fún. Ẹni tí ó fẹ́ ìwé gba ìwé, ẹni tí ó fẹ́ oògùn gba oògùn.

KÍ NI ÈYÍ KAN ÌLERA?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí a bá dí ọ̀nà ńlá, àwọn ènìyàn á gba inú igbó. Èyí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè kẹta ìyá yìí. Níbi gbogbo tí òfin, ìtìjú, owó tàbí ìlà gígùn bá ti ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn, àwọn kan kì í padà sílé. Wọ́n á lọ ra oògùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ní kẹ́míìsì, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì lò ó láìsí ẹni tí ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí.

Oestrogen lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, pàápàá bí ó bá jẹ́ hóró oògùn, tí ẹni náà sì ń mu sìgá. Àwọn mìíràn máa ń gbé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mì ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n rò pé yóò yá. Kò ní yá. Irú oestrogen tí ó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ burú jù fún dídì ẹ̀jẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dunni ní gbùndù, tàbí bí èémí bá dédé kúrú tí àyà ń dunni, ọsibítù ni kí a sáré gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Testosterone tí ó bá pọ̀ jù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ki. Bákan náà, kì í ṣe oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Ẹni tí ó ní ilé ọmọ lè lóyún bí nǹkan oṣù rẹ̀ tilẹ̀ ti dá.

Abẹ́rẹ́ tí ènìyàn méjì bá jọ lò lè gbé kòkòrò HIV àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ láti ara ọ̀kan sí èkejì. Èyí tí ó burú jù ni òróró silicone tí àwọn aláìmọ̀ṣẹ́ ń fi abẹ́rẹ́ gún sí ìdí àti àyà. Ó lè rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti pa ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ìwé ń fà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a bí ní obìnrin tí a ti wá kọ ọ́ sí ọkùnrin nínú ìwé dókítà lè má rí ìwé ìpè gbà mọ́ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ilé ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a bí ní ọkùnrin tí ó wá ń gbé bí obìnrin ṣì ní kókó omi àtọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní prostate, ó sì lè ṣàìsàn. Ara kì í ka ìwé. Ẹ̀yà ara tí ó bá wà ni a ó yẹ̀ wò.

NÍ ILÉ TIWA ŃKỌ́?

Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tí ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún yíyí ọkùnrin tàbí obìnrin padà nínú ìwé ìbí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí i, ó sì fi ọdún 10 sí ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé wọn. Òfin náà kò dárúkọ họ́mónù tàbí iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ojú ayé kì í ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá ìwé rẹ̀ mu lè bẹ̀rù láti wọ ọsibítù, àní bí ibà ni ó ń ṣe é. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya, òfin ìjìyà tilẹ̀ wà fún ọkùnrin tí ó bá múra bí obìnrin.

Ojú ayé tiwa kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó máa ń di irun bí obìnrin, a sì ń pe ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè náà ní ìyàwó òrìṣà. Ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ni ó máa ń gbé aṣọ obìnrin jó. N kò sọ pé ohun kan náà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ, nítorí kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwùjọ ni ó ń pinnu ibi tí aṣọ kan ti jẹ́ ọlá àti ibi tí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN MI

Sí ẹ̀yin òbí: bí ọmọ yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ jókòó gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dáhùn. Kò di dandan kí ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a lé jáde nílé kò ní jáwọ́ nínú rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò lọ bá ẹni tí yóò gún un lábẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Lílù, ebi àti ìdè kò wo ọ̀rọ̀ yìí sàn rí. Ìrònú dé góńgó ló ń fà, ìrònú bẹ́ẹ̀ sì ń mú ẹlòmíràn gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí: ohun tí aláìsàn bá sọ fún wa, inú wa ni yóò wà. Ẹ pè é ní orúkọ tí ó ní kí ẹ pe òun. Ẹ bi í láìfi ojú kéré rẹ̀ pé, "Oògùn wo lò ń lò? Níbo lo ti rà á? Ẹ̀yà ara wo ni a ní láti yẹ̀ wò?" Ẹ kọ òtítọ́ sínú káàdì, ẹ má sì jẹ́ kí káàdì náà wà níbi tí ojú gbogbo yóò tó o. Bí ó bá wá nítorí ibà, ẹ tọ́jú ibà.

Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn gan-an: bí o bá ti ń lo oògùn kan ní ìkọ̀kọ̀, má ṣe fi pa mọ́ fún dókítà tí ń tọ́jú rẹ. Mú páálí rẹ̀ dání. Jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ wò. Má ṣe gba abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún silicone sí ọ lára.

Kí ìyá tí ó kọ̀wé sọ fún ọmọ rẹ̀ ní London pé mo kí i. Àwọn tí ó ń tọ́jú ti dúró pẹ́ kí wọ́n tó dé iwájú rẹ̀, kí ó ní sùúrù pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ olóòtú. N kò ní tẹ orúkọ rẹ̀ jáde. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ara á le o.